Owó Inú Ìrọ̀rí

Ìrọ̀rí tí wọ́n fún mi ní Lọ́ńdọ̀nù kò lóhùn. Mo gbé orí lé e, kò sọ nǹkan kan. Ó rọ̀, ó funfun, ó ń rùn bí ọṣẹ, àmọ́ ó dákẹ́ bí ẹni tí wọ́n kìlọ̀ fún. Mo yí i sí òdìkejì, mo fọwọ́ gbá a, kò dún. Mo bá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì yẹn, mo bú sẹ́kún. Tí àwọn èèyàn mi bá ń sọ ohun tó kọ́kọ́ pa wọ́n lẹ́kún nílẹ̀ òyìnbó, wọ́n á ní òtútù ni, tàbí oúnjẹ tí kò ní ata. Ìrọ̀rí ló pa èmi lẹ́kún, n kì í sì í lè sọ ọ́ fẹ́nikẹ́ni, torí ọ̀rọ̀ náà ní ìdí.

Nílé wa ní Ìjokù, ní Ṣàgámù, èmi àti Màámi la jọ ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì onírin kan. Bàbá mi ti kú kí n tó mọ ojú rẹ̀. Obì gbànja ni Màámi ń tà fún àwọn Hausa ní Sábó, ó sì mọ obì tọ́jú débi pé obì tí ẹlòmíràn ti sọ pé ó ti bà jẹ́, Màámi á fi ewé tuntun wé e, á bá a sọ̀rọ̀, obì á sì gbọ́ràn. Owó tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn tó bá ti ra òmíràn, inú ìrọ̀rí ló ń lọ. Òwú àràbà ló wà nínú ìrọ̀rí náà, ṣùgbọ́n láàárín òwú yẹn, owó bébà ni, tó fi àkísà àdìrẹ wé. Á tú igun kan, á ti owó bọ̀ ọ́, á sì fi òwú pupa rán an padà. Tó bá ti yí orí báyìí, owó á máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ nínú òwú. Ohùn yẹn ni wọ́n fi rẹ̀ mí sùn láti kékeré.

Kò sẹ́ni tí kò bá a sọ ọ́ pé kó gbé owó lọ sí báǹkì. Èsì kan náà ló máa ń fún wọn.

"Báǹkì a máa tilẹ̀kùn. Àìsàn kì í tilẹ̀kùn."

Tó bá wá ku èmi àti òun, á fi kún un pé owó tí òun ò bá gbọ́ ohùn rẹ̀, ta ló fẹ́ búra fóun pé ó wà? Mo gbọn ìrọ̀rí yẹn rí lọ́jọ́ kan tí mò ń ṣeré, ó gbá mi létí kan, n ò sì tún dán irú ẹ̀ wò mọ́.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí n lọ, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin wá láti Ìpara. Bàbá Ìpara la máa ń pè é. Àgbẹ̀ olóbì ni, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni Màámi ti ń gba ọjà látìgbà tó ti dáwọ́ lé òwò. Bí bàbá ló jẹ́ sí èmi náà, òun ló sanwó ilé ìwé mi títí mo fi ka ìwé mẹ́wàá tán. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì wa, ó ṣí fìlà, ó yọ owó bébà kan láti inú rẹ̀.

"Àbẹ̀kẹ́," ló pe Màámi, oríkì rẹ̀ nìyẹn, "owó ìlọ kò le. Gbogbo ayé ló ń rówó ìlọ. Owó àbọ̀ ló ń wọ́n èèyàn. Fi èyí bẹ̀rẹ̀ tọmọ yìí."

Màámi kúnlẹ̀ gba owó náà. Ó tú igun ìrọ̀rí lójú wa, ó yọ owó àwọn òyìnbó tó ti kó jọ, ìyẹn owó tó fẹ́ fún mi mú lọ, kúrò níbẹ̀, ó sì fi ẹyọ kan tí Bàbá Ìpara mú wá yẹn sí i. Ó rán an.

"Owó àbọ̀ ẹ rèé," ló sọ fún mi. "Láti òní lọ, gbogbo ohun tó bá ń wọ ibí, tìẹ ni. Ebi ìbáà pa mí, mé è ní fọwọ́ kàn án. Ọjọ́ tí o bá fẹ́ máa bọ̀, àá kó o jáde, àá fi san tíkẹ́ẹ̀tì ẹ l'Ékòó, o ò ní tọrọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kó o tó rí ojú mi."

Nígbà tí mo béèrè pé báwo ni n ó ṣe máa mọ̀ pé owó náà wà láìséwu, ó rẹ́rìn-ín. A ò ní fóònù nílé, ilé Bàbá Tíṣà ló wà, lójúde wa, níbi tí gbogbo àdúgbò ti ń gba ìpè ọmọ wọn. Ẹni tó bá sọ̀rọ̀ owó níbẹ̀, ọjà Fàlàwọ̀ á ti gbọ́ kó tó délé. Màámi ní kí n ṣáà bi òun bóyá òun sùn dáadáa. Tí òun bá ní òun sùn dáadáa, kí ọkàn mi balẹ̀.

Bí mo ṣe lọ nìyẹn.

* * *

N ò ní fi ìròyìn ọkọ̀ òfuurufú dá yín lágara. Ẹ ṣáà fojú inú wò mí ní ọ̀sẹ̀ tí mo débẹ̀, níbùdókọ̀, tí mo rí ìyá àgbà òyìnbó kan tó ń bọ̀ tòun tọ̀pá, tí mo sì kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ lórí kọnkéré tútù pé "Ẹ káàárọ̀ mà." Obìnrin náà rò pé mo ṣubú ni. Ó fẹ́ gbé mi dìde, àwọn tó kù ń wo ibòmíràn. Ìdojúti yẹn kò tán lára mi bọ̀rọ̀. Mo wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọjá lára èèyàn bí ẹni ń kọjá lára igi, ó sì bà mí nínú jẹ́ nígbà tí mo rí i pé mo ti mọ̀ ọ́n ṣe.

Yàrá mi kò ju ibi tí Màámi ń kó apẹ̀rẹ̀ obì sí lọ. Ẹ̀rọ gáàsì kan wà lára ògiri tó jẹ́ pé owó ẹyọ ló ń jẹ. O ò bá fún un lówó, kò ní fún ọ níná. Mo máa ń bú u lédè wa, mo máa ń pè é ní ọ̀kánjúwà, ẹbọra tí kì í yó. Òun nìkan ni mo ń bá sọ̀rọ̀ láàárọ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, torí náà ẹ má rò pé mo kórìíra rẹ̀ tán.

Iṣẹ́ akọ̀wé ni mo lọ kọ́, táípù àti ṣọ́táàndì. Owó ilé ìwé tó yẹ kó máa ti ilé wá bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́, nígbà tó yá ìjọba ilé ní àwọn ò ní jẹ́ kí owó máa jáde mọ́ bí í ti tẹ́lẹ̀. Bí mo ṣe di agbálẹ̀ ọ́fíìsì nìyẹn. Sístà Dúpẹ́ ló mú mi wọ ibẹ̀, ọmọ Ìsarà, ó ti pẹ́ níbẹ̀ jù mí lọ. Ìdájí la ń lọ, ká tó rí àwọn tó nilé a ti kúrò.

"Ìwọ ọmọ Ṣàgámù," á máa yọ mí lẹ́nu bó ṣe ń fa ẹ̀rọ ìgbálẹ̀, "ṣé ẹ̀yin náà mọ̀wé ni? Obì lẹ mọ̀."

"Ẹ̀yin ará Ìsarà tí gbogbo yín jẹ́ tíṣà, kí lẹ wá ń gbálẹ̀ fún?"

Á rẹ́rìn-ín títí á fi jókòó sórí àga ọ̀gá. Ọpẹ́lọpẹ́ obìnrin yìí, orí mi ì bá ti yí. Ohun kan ṣoṣo tá a máa ń jà lé lórí ni agolo bisikíìtì tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Owó tí mo bá rí fi pamọ́, inú agolo yẹn ló ń lọ, pọ́n-ùn bébà aláwọ̀ ewé. Ó ní kí n gbé e lọ sí báǹkì kó lè máa bímọ. Mo ní báǹkì a máa tilẹ̀kùn. Ó wò mí títí, ó ní, "Ọmọ ìyá ẹ ni ẹ́ lóòótọ́."

* * *

Ọjọ́ Ìsinmi lẹ́yìn ìsìn ni mo máa ń pè. Màámi á ti kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì, á ti jókòó sí pálọ̀ Bàbá Tíṣà tòun ti gèlè lórí. Èmi á wà nínú àgọ́ fóònù pupa, owó ẹyọ lọ́wọ́ kan, ọwọ́ fóònù lọ́wọ́ kejì. Ìgbà mìíràn fóònù ò ní wọlé rárá. Tó bá wọlé, ohùn á kọ́kọ́ máa hó bí òjò.

"Yèsí rèé o?" bí Màámi ṣe máa ń dáhùn nìyẹn, bí àwa Rẹ́mọ ṣe ń béèrè pé ta nìyẹn, bí ẹni pé kò ti ìdájí máa dúró dè mí.

"Èmi ni, Màámi. Ṣé ẹ sùn dáadáa?"

"Mo sùn dáadáa, ọmọ mi. Orí mi wà lórí ìrọ̀rí."

Àwọn tó wà ní pálọ̀ á máa kí mi láti ẹ̀yìn. Owó ẹyọ á máa já bọ́ sínú ẹ̀rọ, kó, kó, kó. Tí ìpè bá ti já, n kì í tètè jáde nínú àgọ́ yẹn. Ẹlòmíràn á máa kan gíláàsì níta, n ó máa ṣe bí ẹni tó ṣì ń sọ̀rọ̀.

Ìgbà kan wà tó dáhùn pé, "Mo sùn, àmọ́ ọrùn ń dùn mí." Ohùn rẹ̀ ti wọlẹ̀. Mo bú sẹ́rìn-ín, torí mo rò pé ìrọ̀rí ti kún jù ni, pé owó ti pọ̀ débi tó ń yẹ̀ ẹ́ lọ́rùn. Mo ní kó rọra. Ó wá ní ara Bàbá Ìpara kò yá, pé inú ń run ún, wọ́n ń tọ́jú rẹ̀. Mo ní kó bá mi kí wọn. Kò pẹ́ sí i, ó sọ fún mi pé Bàbá Ìpara ti lọ. Mo sunkún nínú àgọ́, mo tún sunkún dé ibi iṣẹ́. Sístà Dúpẹ́ gbá ilẹ̀ tó kàn mí mọ́ tirẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.

N ò ra nǹkan kan sí yàrá mi ní gbogbo àkókò yẹn. Kò sí kọ́tìnì tèmi, kò sí àwòrán lára ògiri, abọ́ kan, ṣíbí kan. Kí lẹni tó ń lọ ilé fẹ́ fi kọ́tìnì ṣe? Tí wọ́n bá bi mí nípa ibi tí mò ń gbé, mo máa ń ní mo dúró díẹ̀ ni. Mo ń rìn lójú títì Lọ́ńdọ̀nù bí ẹni tó wọ bàtà alábàtà, torí mo mọ̀ pé ní Ìjokù, owó àbọ̀ mi ń dún lábẹ́ orí ìyá mi, tó bá ti pé, n ó lọ bá a láàyè. Ìyẹn nìkan ni mo ń fẹ́. N ò bẹ Ọlọ́run fún ilé tàbí mọ́tò, mo ní kí n ṣáà bá a láàyè.

* * *

Àwọn ológun ti gbàjọba nílé nígbà tí Sístà Dúpẹ́ já wọ yàrá mi láìkanlẹ̀kùn.

"Wọ́n ti pààrọ̀ owó!"

Kò yé mi. Ó ní àwọ̀ owó bébà Nàìjíríà ti yí padà, wọ́n ti ti bọ́dà, kí oníkálukú gbé ti àtijọ́ lọ sí báǹkì láàárín ọjọ́ díẹ̀, pé èyí tí ò bá dé ibẹ̀ ti di bébà lásán. Ó ní ẹni tó ti ilé pe òun sọ pé sójà ń fi kòbókò to èèyàn sílà lẹ́nu báǹkì, àti pé ojú ń rí nǹkan: àwọn tó ti ń tọrọ gààrí láàárín ilé ń gbé àpò owó jáde, àwọn ẹbí dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, wọ́n ń wò wọ́n. Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́. Nígbà tó rí ojú mi, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀.

N ò dúró de ọjọ́ Ìsinmi. Mo pe ilé Bàbá Tíṣà títí ó fi wọlé, mo ní kí wọ́n bá mi pe Màámi kíákíá. Mo gbọ́ ariwo èèyàn ní pálọ̀, ó dà bíi pé gbogbo àdúgbò ló wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ owó ni wọ́n ń sọ. Fóònù ilé yẹn, ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà ń gbọ́ ohun tí ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ń sọ. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìpayà ni kò jẹ́ kí n rántí.

"Yèsí rèé o?"

"Màámi! Ṣé ẹ ti gbé owó yẹn lọ sí báǹkì?"

Pálọ̀ dákẹ́. Mo gbọ́ bó ṣe dákẹ́.

"Owó wo?" ni Màámi wí.

"Owó àbọ̀ mi, Màámi! Èyí tó wà..."

"Owó wo?" Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín gbígbẹ kan tí n ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí. "Ẹ gbọ́ ohun tọ́mọ yìí ń wí. Òtútù ti mú un lórí. Mé è lówó. Ibo lèmi ti fẹ́ rówó?"

Owó ẹyọ tán lọ́wọ́ mi.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, mo ti fi omi tútù sọ́kàn. Mo ti yẹ ara mi wò, mo ti bú ara mi pé èmi ni mo tú àṣírí, pé ó dáhùn bó ṣe yẹ kí ọlọ́gbọ́n dáhùn. Mo rọra bi í bó ṣe yẹ kí n ti bi í tẹ́lẹ̀.

"Màámi, ṣé ẹ sùn dáadáa?"

Ohùn ń hó bí òjò. Ó pẹ́ kó tó fèsì.

"Mo sùn dáadáa, ọmọ mi."

Mo sáré lọ bá Sístà Dúpẹ́, mo ní Màámi ti pààrọ̀ owó náà. A se ìrẹsì, a dín ẹran, a jó nínú yàrá tí kò tó ijó. Mo fún ẹbọra ara ògiri lówó tó pọ̀ lọ́jọ́ yẹn, ilé gbóná.

* * *

Tíkẹ́ẹ̀tì kò dé. Tí mo bá bi í, á ní ó kù díẹ̀. Ọdún yí, ó kù díẹ̀. Inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi. Mo rò ó pé ó ti fi ra obì, pé obì náà ti bà jẹ́, pé kò fẹ́ sọ. Mo dín ìpè kù. Tí mo bá sì pè, n kì í béèrè pé ṣé ó sùn mọ́, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta ni mo ń kí i, bí ẹni ń kí àlejò.

Lọ́jọ́ kan, Bàbá Tíṣà ló gbé fóònù fúnra rẹ̀.

"Ọmọ mi, jókòó ná."

"Bàbá, inú àgọ́ fóònù ni mo wà, kò sí àga."

"Kó o fara ti nǹkan, jọ̀wọ́."

Wọ́n ti sin Màámi. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni, kò dùbúlẹ̀ pẹ́. Mo fara ti gíláàsì, mo ń wo àwọn èèyàn tó ń kọjá bí ẹni ń kọjá lára igi. Ohun kan tí mo ní kí Ọlọ́run ṣe fún mi, kò ṣe é, mo sì bá a jà fún ìgbà pípẹ́.

Mo ṣe àṣeyọrí lẹ́yìn ìyẹn, kí n má parọ́. Mo yege nínú ìdánwò, mo kúrò nídìí ìgbálẹ̀, mo jókòó sórí àga nínú ọ́fíìsì tí ẹlòmíràn ń gbá fún mi, mo sì máa ń tètè dé kí n lè kí i káàárọ̀. Mo ra kọ́tìnì. Sístà Dúpẹ́ ló bá mi gbé e kọ́, kò sì yọ mí lẹ́nu. Àwọn pọ́n-ùn inú agolo ń pọ̀ sí i. Mo fi wọ́n ra tíkẹ́ẹ̀tì níkẹyìn, mo fi ìwọ̀nba sílẹ̀ sísàlẹ̀ agolo nítorí ọjọ́ pàjáwìrì, mo sì gba ilé lọ.

Àǹtí mi, àbúrò Màámi, ló wà nínú ilé. Ó fà mí mọ́ra, ó sunkún, ó fún mi lómi. Lẹ́yìn náà ó wọ yàrá, ó gbé ìrọ̀rí kan jáde.

"Ẹní rẹ̀ àti aṣọ tó fi bora la gbé dànù, bí wọ́n ṣe ń ṣe. Èyí nìkan ló ní ká má dànù. Ó ní, 'Ìrọ̀rí mi, tọmọ mi ni.' Àwa ń wo ara wa. Ìrọ̀rí ògbólógbòó! A rò pé ọkàn rẹ̀ ti ń rìn ni."

Mo gbà á. Mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ra.

Ó dún.

Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì onírin, mo tú òwú pupa igun rẹ̀. Òwú àràbà fò sókè nínú yàrá. Mo fa àkísà àdìrẹ yẹn yọ, mo tú u, owó dà sórí ẹsẹ̀ mi. Gbogbo rẹ̀ ni ti àtijọ́. Gbogbo rẹ̀ ni aláwọ̀ àtijọ́, kò sí ẹyọ kan tó ṣe é ná mọ́ nínú wọn. Kò pààrọ̀ ọ̀kankan.

Àǹtí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ọwọ́ lórí.

"Ó lówó," ló ń wí. "Áà, Àbẹ̀kẹ́. Ó lówó."

"Owó àbọ̀ mi ni, Àǹtí. Kí ló dé tí kò gbé e lọ?"

Kò fẹ́ sọ. Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ kó tó sọ ọ́, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀ títí.

Ó ní nígbà tí inú ń run Bàbá Ìpara, wọ́n ní iṣẹ́ abẹ ni, kó lọ wá owó. Ó ti ta èyí tó lè tà. Ó wá bá Màámi, òun Àǹtí náà wà níbẹ̀. Ibi tí mo jókòó sí gan-an ló jókòó sí, kò lè jókòó gbọn-in, ó ń ká kò. Màámi gbé ìrọ̀rí rẹ̀, ó fi tì í lẹ́yìn kó lè fara tì. Ó wá kúnlẹ̀ níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó fi Bíbélì búra pé òun ò ní kọ́bọ̀ tó jẹ́ tòun.

"Kò sì parọ́," ni mo sọ. "Kì í ṣe tirẹ̀."

"Bàbá Ìpara yí ẹ̀yìn báyìí, kó lè jókòó dáadáa," ni Àǹtí wí. "Ó ń fetí sí nǹkan. Ó wá ní, 'Àbẹ̀kẹ́, ìrọ̀rí ẹ yìí ń dún o.' Ìyá ẹ ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Bàbá Ìpara wò ó títí, ó fi ọwọ́ pa orí rẹ̀ bí ọmọdé. Ó ní, 'Rán an dáadáa.' Ó bá dìde, ó gba Ìpara lọ. Èmi rò pé ọ̀rọ̀ òwú ló ń sọ."

N ò ṣàlàyé fún Àǹtí. Bàbá Ìpara ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú owó àkọ́kọ́ wá fún ìrọ̀rí yẹn. Ó mọ owó tí òun fara tì. Ó sì padà sílé lọ kú.

Nígbà tí ìjọba wá pààrọ̀ owó, kí ni Màámi fẹ́ ṣe? Ọ̀nà wo ló fẹ́ gbà tò sílà lẹ́nu báǹkì lójú àwọn ọmọ Bàbá Ìpara, tí òkú bàbá wọn kò tíì jẹrà, kó gbé owó jáde láti inú ìrọ̀rí? Ó jẹ́ kó kú síbẹ̀. Ó sì ń gbé orí lé e lójoojúmọ́, ó ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Mo wá rántí ọjọ́ tó ní ọrùn ń dun òun, tí mo bú sẹ́rìn-ín.

* * *

Mo ti owó náà padà sínú òwú, mo béèrè òwú pupa lọ́wọ́ Àǹtí, mo rán an dáadáa. Mo gbé e wá sí Lọ́ńdọ̀nù.

Nígbà tí mo dé, Sístà Dúpẹ́ ní pọ́n-ùn bébà tí mo fi sílẹ̀ sísàlẹ̀ agolo náà ti kú, owó ẹyọ ni wọ́n ń ná báyìí. Mo rẹ́rìn-ín ẹ̀rín gbígbẹ tí mo mọ ibi tí mo ti jogún rẹ̀. Àmọ́ mo kó wọn, mo gbé wọn lọ sí báǹkì àgbà wọn, mo to ìlà pẹ̀lú ìbẹ̀rù, mò ń wo ẹnu ọ̀nà bóyá ẹnì kan ń wò mí. Ọmọbìnrin tó wà nídìí káńtà kó wọn, ó sì fún mi ní tuntun. Ó ní kí n má ṣèyọnu, owó tiwọn kì í kú, ọdún yòówù kí n gbé e wá. Mo sunkún níwájú rẹ̀ débi tó fi lọ bu omi fún mi. Ó rò pé ayọ̀ ni.

Mo ti pẹ́ níbí báyìí. Mo ní kọ́tìnì, mo ní àwòrán lára ògiri, mo tiẹ̀ ti ń gbé owó lọ sí báǹkì. Ìrọ̀rí Màámi wà lórí bẹ́ẹ̀dì mi. Èmi ni wọ́n tọ́jú owó yẹn fún, èmi náà ni ọmọ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ jẹ́ kí Bàbá Ìpara lọ. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo ti pinnu láti tú u, kí n da bébà yẹn sínú iná, n ò lè ṣe é. Tí mo bá yí orí sápá ọ̀tún, á dún. Tí mo bá yí i sápá òsì, á dún. Nígbà mìíràn, ohùn Bàbá Ìpara ni mò ń gbọ́ nínú rẹ̀, ó ń ní kí n rán an dáadáa.

Ọjọ́ Ìsinmi ni mo ṣì máa ń pe ilé. Àǹtí ló ń jókòó sí pálọ̀ Bàbá Tíṣà báyìí. Kò mọ nǹkan kan nípa àdéhùn èmi àti Màámi lórí ọ̀rọ̀ oorun, a ò sọ fún un. Ó ń kí mi bí gbogbo Yorùbá ṣe ń kí ara wọn ni.

"Ọmọ mi, ṣé o sùn dáadáa?"

Ó pẹ́ kí n tó fèsì. Ohùn ń hó bí òjò.

"Mo sùn dáadáa, Àǹtí."